Ajá Tí Aurélie Kò Pè Lórúkọ

Bí Romaric bá ti na abẹ́rẹ́ sókè sí oòrùn láti wo omi inú rẹ̀, ṣe ni ọkàn Aurélie máa ń yọ́ bí òrí tí wọ́n gbé sẹ́bàá iná. Ẹ má bi mí pé kí ló dùn nínú kí ọkùnrin máa wo abẹ́rẹ́ ajá. Ẹni tí ìfẹ́ kò bá mú rí ló máa ń béèrè irú ẹ̀.

Sátidé ni, lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà ilé-ìwé kan ní Ṣábẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn kò ní ọ́fíìsì, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn. Romaric tó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ní Parakou ló dá a sílẹ̀. Kamarou, ọmọ abúlé Bessé, ló ń fi alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ gbé ẹran. Aurélie tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ló ń gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, nítorí ohùn rẹ̀ dùn. Wọ́n ń ṣa ọmọ ajá tí wọ́n jù sínú kòtò, wọ́n ń di ẹsẹ̀ ológbò tó kán, wọ́n sì ń gún ajá gbogbo ènìyàn lábẹ́rẹ́ kí àrùn dìgbòlugi má bàa mú wọn.

Òfin kan ṣoṣo ni Romaric fi lélẹ̀: olówó ajá fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ pè é lórúkọ, lóhùn rara, kí wọ́n tó gún un. Ajá tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ni ín máa ń fara balẹ̀. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá pè, aláìnílé ni. Wọ́n á gún un, Kamarou á sì gbé e lọ sí Boni, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń wá ajá tí yóò máa lé ọ̀bọ kúrò nínú àgbàdo.

Òfin yìí ló ń pa gbogbo ọgbà lẹ́rìn-ín. Nítorí ní Ṣábẹ̀, ta ní ń sọ ajá lórúkọ lásán? Ọ̀rọ̀ tí ẹnu ò lè sọ sí aládùúgbò, a ó fi sọ ajá, a ó sì máa pè é láàárọ̀ lálẹ́.

"Ẹ-gbẹ́nu-dákẹ́!" obìnrin kan ké. Ajá dúdú kékeré kan sáré jáde.

"Ìyá, ta lẹ ń bá wí?" Kamarou béèrè.

"Ajá mi ni mo ń pè. Àbí o gbọ́ orúkọ ẹnìkan níbẹ̀?"

"Mi ò gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyá tó dúró lẹ́yìn yín, ojú wọn ti fà ro."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Aurélie náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò kọjá eyín. Ajá kan wà nílé tiwọn tó ń jẹ́ Ó-gbọkọ-kò-gbayọ̀.

Suzanne, ìyá rẹ̀, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí bàbá Aurélie kó ẹrù rẹ̀, tó kó lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Nafissatou, nítòsí ibùdó rélùwéè. Láràárọ̀ ni Suzanne máa ń dúró lójú títì, á pe ajá rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi dé etí ẹni tó ń bá wí. Bàbá ti kú báyìí. Ọkọ tí wọ́n ń jà lé lórí ti wọlẹ̀ lọ, orúkọ ló kù lọ́rùn ajá.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe rí. Nínú gbogbo ilé tó wà ní Ṣábẹ̀, ilé Nafissatou ni Romaric háyà yàrá sí. "Tàǹtí Nafissatou ni ìyá mi kejì," ló máa ń wí, tí ojú rẹ̀ á sì máa tàn. Nítorí náà ni Aurélie kò ṣe jẹ́ kó sin òun délé rí. Bí wọ́n bá ti dé ibi ẹ̀rọ ìlọta, á dúró, á ní, "Ibi tẹ́ ẹ sìn mí dé yìí náà tó, Fofo Romaric." Fofo ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin lọ́dọ̀ wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ ti wí fún un pé, "Mú ajá dání o. Má máa gún ti ará ìta kí o fi tiwa sílẹ̀." Ó ní, "Ẹ̀n, Màmá." Ó so ajá mọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó sì sá lọ.

Oòrùn ti ń mú nígbà tí ajá pupa kan gba ẹnu ọ̀nà ọgbà wọlé, etí rẹ̀ kan ya, àjákù okùn ń wọ́ nílẹ̀ tẹ̀lé e. Kò wo ajá kankan. Ó lọ tààrà sídìí Aurélie, ó sì fi ìdí lé e lẹ́sẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nílé bí Aurélie bá ń ránṣọ.

"Háà!" Kamarou pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo ajá tó mọ ibi tó dáa! Fofo Romaric, ẹ ti ní orogún o!"

Romaric rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ajá náà. "Aurélie, tìrẹ ni?"

Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, Romaric á ní kó pè é. Gbogbo ọgbà á gbọ́. Orúkọ náà á bá Romaric délé, á sì jókòó tì í nídìí oúnjẹ Nafissatou.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ni Aurélie wí.

"Ó jọ pé òun mọ̀ ọ́."

"Bóyá òórùn ẹja ló ń gbọ́ lára mi."

"Ó dáa, bá mi bi wọ́n."

Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu. "Ta ló ni ajá pupa yìí? Ẹni tó bá ni ín, kó wá pè é o!" Bí ajá ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ látinú ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jùrù, ó ń fi ìrù lu ilẹ̀, eruku ń sọ. Kò sí ará àdúgbò wọn níbẹ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn.

Gbígún rẹ̀ kò rọrùn. Ó ń gbọ̀n, ó ń wo Aurélie, kò sẹ́ni tó pè é. Wọ́n ní láti fi àjákù aṣọ di ẹnu rẹ̀. Aurélie yíjú, ó ń to òwú tí kò nílò títò. Nígbà tó yíjú padà, Kamarou ti gbé e sẹ́yìn alùpùpù, ó ti kọrí sí Boni.

*

Nígbà tó délé ní ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ di okùn tó já mú lọ́wọ́.

"O ò mú un lọ?"

"Mo gbàgbé, Màmá."

"O ò wá rí i lọ́nà?"

"Mi ò rí i."

Suzanne tún aṣọ ìró rẹ̀ so. "Jẹ́ ká wá a. Ajá yẹn ò sùn síta rí."

Wọ́n jáde. Suzanne ń pè, Aurélie ń tẹ̀lé e. Ó-gbọkọ-kò-gbayọ̀! Àwọn ènìyàn ń dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà: "Ìyá Aurélie, kò gba ibí o!" Wọ́n kọjá ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n kọjá mọ́ṣáláṣí. Ní gbogbo ìgbà tí ìyá bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ kíọ́sì kan, ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀, á máa wá ohun tó mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Ó fẹ́ sọ ọ́ níbi ẹ̀rọ ìlọta, ó ní kó di iwájú. Ó fẹ́ sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, ó ní kó di iwájú. Iwájú náà ni wọ́n dé yìí: ibùdó rélùwéè, iwájú ilé Nafissatou.

Nafissatou jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pa ẹ̀pà. Romaric jókòó tì í, ó ń bá a pa á.

Suzanne dúró lójú títì pẹ̀lú okùn lọ́wọ́.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá Aurélie," Nafissatou ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ajá mi ni mò ń wá."

"Ẹ pè é ná."

Suzanne kò pè é. "Nafissatou, orúkọ tí mo sọ ajá yẹn..."

"Ṣé mi ò mọ̀ ọ́n ni? Èmi lẹ ń pè látọjọ́ yìí, tí ajá ń bá mi jẹ́ ẹ." Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lẹ́sẹ̀, ó dìde. "Ajá ò mọ èébú. Orúkọ òun ló pè é. Bí ẹ ò bá pè é, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹ ń wá òun?"

Ó bọ́ sójú títì, ó fọwọ́ bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó sì fi ohùn tó le ju ti Suzanne lọ ké pé: "Ó-gbọkọ-kò-gbayọ̀ o! Máa bọ̀ o! Ìyá rẹ ń wá ọ!"

Ọlọ́kadà kan tó ń kọjá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Nafissatou, ó gbé ẹ̀rín rẹ̀ mì.

"Màmá," Romaric béèrè jẹ́jẹ́, "báwo lajá náà ṣe rí?"

"Pupa ni. Etí rẹ̀ kan ya."

Romaric yí padà, ó wo Aurélie.

Ó ti pẹ́ tí Aurélie ti ń rò ó lórí ibùsùn pé lọ́jọ́ kan Romaric á wo òun pẹ́, pé ayé á dúró. Ayé dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò rò ó pé ilẹ̀ lòun máa fẹ́ kó lanu gbé òun mì.

"Ó wà ní Boni," ó wí. "Ó wá bá mi ní ilé-ìwé. Wọ́n bi mí, mo ní mi ò mọ̀ ọ́n."

Ìyá rẹ̀ kò jágbe. Ìbá sàn bó jágbe. Ó kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì Nafissatou, níbi tí kò tíì jókòó rí.

"Nítorí orúkọ?"

"Ẹ̀n."

"Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ajá ò bẹ̀ mí." Ó wo okùn ọwọ́ rẹ̀. "Ìwọ náà sì ti wá a pẹ̀lú mi láti ilé débí."

Nafissatou bu omi fún un. Ó gbà á, ó mu ún. Aurélie wà ní ìdúró, kò sẹ́ni tó ní kó jókòó.

*

Romaric ló fi alùpùpù gbé e lọ sí Boni láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Irin ẹ̀yìn alùpùpù ni Aurélie dì mú. Kò dì mọ́ Romaric.

Dieudonné, àgbẹ̀ tó gba ajá náà, pàdé wọn lábẹ́ igi kajú, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ oko. "Kò jẹ nǹkan kan látàná," ó wí. "Mo ti tú u sílẹ̀, kò dìde. Ẹ̀yin lẹ ṣòfin, ẹni tó bá ni ín ni kó pè é."

Aurélie wo Romaric bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

"Òfin ni," Romaric wí.

"Gbayọ̀," ó pè é wẹ́rẹ́. Ajá tó wà lábẹ́ ọmọlanke gbé orí sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. "Gbayọ̀, wá."

"Ṣé orúkọ ẹ̀ nìyẹn?" ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ béèrè.

"Rárá." Ó gbé ohùn sókè. "Ó-gbọkọ-kò-gbayọ̀!"

Orúkọ náà gba àárín igi kajú kọjá. Òṣìṣẹ́ yẹn bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Ta nìyẹn ń bá wí?"

"Dákẹ́," Dieudonné wí. "O ò rí i pé ajá ti dìde?"

Ó dìde lóòótọ́. Ó ń bọ̀, ikùn rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, ìrù rẹ̀ wà láàárín itan, bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀. Ìyẹn ni Aurélie kò lè fara dà. Ajá ń bọ̀ wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó, kò jókòó lé e lẹ́sẹ̀. Ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọn. Aurélie kúnlẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó sì fi eékún rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, ajá wà láàárín òun àti Romaric lórí ìjókòó, ó gbóná, ó ń mí.

"Mi ò bínú orúkọ," Romaric wí, kò bojú wẹ̀yìn.

"Mo mọ̀."

"Nígbà tí mo bi ọ́, ohùn rẹ ò tiẹ̀ gbọ̀n."

Wọ́n dé ibi ẹ̀rọ ìlọta, Romaric dẹwọ́ alùpùpù, bó ṣe mọ́ ọn lára.

"Ẹ máa lọ," Aurélie wí. "Ilé wa ṣì wà níwájú."

Ìyá rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó pe ajá rẹ̀ lórúkọ, gbogbo rẹ̀, ajá sì fò sílẹ̀ kí alùpùpù tó dúró. Àyè tó fi sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì ṣófo. Romaric kò sún sẹ́yìn, Aurélie kò sún síwájú. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó sì gbọ́ tí alùpùpù ń yí padà lẹ́yìn òun.