Ìgbọ̀nwọ́ Mẹ́rin fún Tábìlì Pẹpẹ

Ẹnu mi ló máa ń ṣíwájú mi dé ibi gbogbo. Ìdí ńlá yìí á wá máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Ẹnu yìí náà ló ti mí dé iwájú àwọn àgbà ìjọ aláṣọ funfun wa ní Peckham, nílùú Òyìnbó níbí, nígbà tí ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kòkòrò ti jẹ ẹsẹ̀ tábìlì pẹpẹ wa, ó sì wó lulẹ̀ pẹ̀lú àbẹ́là méjèèje. Wọ́n ń wá káfíńtà.

Mo ní, "Dáúdà ńkọ́?"

Gbogbo ilé yíjú sí mi. Ọkọ Kúbúrá ni Dáúdà, Kúbúrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi láti ogún ọdún. Wọn kì í fi ìrun Jímọ̀ ṣeré. Ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn ni Dáúdà já lórí àkàbà ní ilé kan ní Forest Hill, tí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́. Ọwọ́ ti jinná, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ti gbà pé ó ti parí fún un. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbé pákó kan fún un. Kúbúrá ní ojoojúmọ́ lọkọ òun ń pọ́n ìfági, tó sì ń dá a padà sínú àpótí. "Mama Délé," ló wí fún mi, "bí ẹnì kan péré bá lè tún gbé iṣẹ́ fún un..."

Olùṣọ́ Jabez, olórí ìjọ wa, wò mí láti òkè, wọ́n ga bí igi àgbọn. "Ìyá, Mùsùlùmí lẹ fẹ́ kó kan tábìlì pẹpẹ?"

"Olùṣọ́, ẹ̀yin náà lẹ wàásù rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Nígbà tí Sólómọ́nì fẹ́ kọ́ tẹ́ńpìlì, ta ló ránṣẹ́ sí? Ṣebí Hírámù ọba Tírè ni! Ó ní nínú gbogbo Ísírẹ́lì, kò sẹ́ni tó mọ igi gé bí àwọn ará Sídónì. Ṣé àwọn yẹn ń kọ sáàmù ni? Òrìṣà ni wọ́n ń bọ! Dáúdà kò tiẹ̀ bọ nǹkan kan lẹ́yìn Ọlọ́run. Àwọn ará Sídónì yẹn gé igi kedari, wọ́n fi gba ojú omi wá. Sólómọ́nì fi àlìkámà àti òróró ránṣẹ́ padà, àlàáfíà sì wà. Ẹ jẹ́ kí Dáúdà ṣe Hírámù wa. Èmi ni n ó máa gbé oúnjẹ lọ."

"Ọlọ́run ṣàánú Dáúdà," ẹnì kan wí lẹ́yìn. "Ọbẹ̀ Ìyá!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín; ta ló máa bá òótọ́ jà?

Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n Dáúdà kò gbọdọ̀ rékọjá okùn funfun tí a ta síwájú pẹpẹ. Ẹni tí a kò fi òróró yàn kì í dé ibẹ̀. Èmi obìnrin gan-an, láàádọ́rin ọdún, mi ò dé ibẹ̀ rí. Nítorí náà Olùṣọ́ ní àwọn máa wọn àyè náà fúnra àwọn. Mo na téèpù sí wọn. Wọ́n ní, "Ìgbọ̀nwọ́ ni Sólómọ́nì fi wọn tirẹ̀." Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi apá lélẹ̀ láti ìgúnpá dé orí ìka, wọ́n ní, "Ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin gééré."

Mo gbé ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin sẹ́nu, ó di ṣọ́ọ̀bù Dáúdà ní Nunhead.

"Ìgbọ̀nwọ́ ta ni, Mama?"

"Èwo ni ti ìgbọ̀nwọ́ ta ni? Ìgbọ̀nwọ́ ni ìgbọ̀nwọ́! Ṣé Hírámù bi Sólómọ́nì bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ká aṣọ sókè, mo tẹ́ apá lé pákó. Dáúdà ń fi pẹ́ńsù sàmì sí i: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Inú mi dùn bí ẹni tó ń kọ́ tẹ́ńpìlì.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi ń gbé abọ́ lọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, Dáúdà ń fági díẹ̀, ó ń dúró wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, ó ti ń súfèé. Kúbúrá ń da oúnjẹ mi nù, ó ń fi tirẹ̀ rọ́pò. Mo mọ̀, síbẹ̀ mo ń gbé e lọ.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Dáúdà àti Kúbúrá fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé tábìlì dé. Tọkọtaya bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wọn. Igi náà ń dán, ẹ lè fi ṣe dígí. Àwọn àgbà gbé e kọjá okùn, wọ́n tẹ́ aṣọ pẹpẹ lé e. Aṣọ wọ́ nílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n to àbẹ́là: márùn-ún jókòó, ẹ̀kẹfà ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ létí, èkeje kò ríbi wà.

Olùṣọ́ fi apá wọ̀n ọ́n. "Kò pé mẹ́rin. Ó fi díẹ̀ lé ní mẹ́ta."

Ojú gbogbo ènìyàn lọ sí ọwọ́ ọ̀tún Dáúdà. Alàgbà kan mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọwọ́ yẹn náà ni." Dáúdà ti ọwọ́ bọ àpò. Kúbúrá ń wolẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo lè dákẹ́. Ó ṣe mí bíi kí n sá. Ṣùgbọ́n kí ìtìjú pa èmi sàn ju kó pa ọkùnrin yẹn.

"Ẹ má wo ọwọ́ rẹ̀! Tèmi ni kẹ́ ẹ wò!" Mo ká apá sutánà mi dé èjìká. "Olùṣọ́, ẹ na tiyín."

Wọ́n na apá kọjá okùn. Apá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn dà bí ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn lékeléke. Níbi tí ìka mi parí sí, ìka tiwọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin fi ìyẹn wọn pẹpẹ," mo ní, "èmi fi èyí wọn pákó. Dáúdà ṣe ohun tí mo ní kó ṣe, kò fi ìka kan dín."

Kúbúrá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Mama Délé! Ṣé apá rèé àbí ẹsẹ̀ ewúrẹ́?" Ni gbogbo ilé bá gbà á. Olùṣọ́ di ikùn mú.

Dáúdà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Tábìlì ló ń wò. "Ìgbọ̀nwọ́ Mama kan ló kù. Mo lè fi kún un lápá méjèèjì, ẹnikẹ́ni ò ní rí ojú ibi tí mo ti so ó. Ṣùgbọ́n mi ò gba apá ẹnikẹ́ni mọ́ o, Pásítọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú téèpù mi kọjá okùn yìí."

Ẹ̀rín gé. Mo ní, "Alágbẹ̀dẹ tó wá láti Tírè yẹn ńkọ́, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ opó ará Náfítálì, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Tírè? Òun ló rọ òpó idẹ àti ìkòkò idẹ. Ṣé ẹnu ọ̀nà ló dúró sí tó ń jù wọ́n wọlé ni?"

"Ìyá, ó tó." Olùṣọ́ wo ẹsẹ̀ Dáúdà tí kò ní bàtà. "Ṣé ara yín mọ́?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Jímọ̀ ni, sà. Àlùwàlá mi ò tíì bàjẹ́."

Olùṣọ́ fi ọwọ́ ara wọn tú okùn.

Dáúdà fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, ó ní "Bìsìmílà" wẹ́rẹ́. Alàgbà tó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti ṣe "Àmín" kó tó mọ̀. Dáúdà fa téèpù jáde pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n ń wò yẹn. Téèpù náà kò gbọ̀n. Ó ń pe iye, Olùṣọ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Káfíńtà," Olùṣọ́ ní, "nígbà tẹ́ ẹ ti wọlé, ẹ bá wa wo fèrèsé yìí. Atẹ́gùn ẹ̀ ń pa àbẹ́là."

"Ẹ jẹ́ kí n parí tábìlì ná, sà. Tó bá di Mọ́ńdè, mo máa yọjú."

Kúbúrá gbá èjìká mi mú. "Mọ́ńdè," ó ń wí sí mi létí. "Mama, ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́? Bí ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."