Bàtà Ẹni Tó Ń Kúnlẹ̀

Ìyàwó aránbàtà ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀, níbi tí àwa méjèèjì jókòó sí tí à ń ká aṣọ pẹpẹ.

Ó ní ọkọ òun fẹ́ràn láti máa sọ pé bàtà kì í purọ́. Ẹni tó bá ń tẹ̀ sí apá kan, gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ yóò tú u fó. Ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, awọ ìsàlẹ̀ yóò jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kúnlẹ̀ níwájú Ọlọ́run, orí bàtà ni yóò máa bó: awọ ibẹ̀ á funfun, á sì ṣẹ́ po níbi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ń ká.

Nígbà tí ara aránbàtà ṣì le, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, irú bàtà bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n níwájú rẹ̀. Á máa fi àwọn tó ni wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé àdúrà yín ló ń bọ́ mi. Nígbà tó yá, wọ́n wó ọgbà onígi tí àwọn èèyàn ń kúnlẹ̀ sí níwájú pẹpẹ láti gba Ara Olúwa. Wọ́n ní kí oníkálukú máa tò wá lórí ìdúró, kí ó na ọwọ́. Aránbàtà ní wọ́n ń nawọ́ bí ẹni ń gba ṣéńjì. Dùùrù àtijọ́ lọ, kíbọ́ọ̀dù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé. Wọ́n ta aṣọ funfun ńlá kan tí ọ̀rọ̀ orin ń hàn lójú rẹ̀, aṣọ náà sì bo ère Màríà láti orí dé ẹsẹ̀.

Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Mísà àkọ́kọ́ ló ń lọ, á kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì lásán, á la ẹnu, á yọ ahọ́n, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á máa pòṣé pé ó dá ìlà dúró. Kì í ṣe pé ó ka ara rẹ̀ sí ẹni mímọ́ ju ẹlòmíràn lọ. Ohun tó gbà gbọ́ tọkàntọkàn ni pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ wà nínú búrẹ́dì pẹlẹbẹ yẹn. Bí ọba ayé bá wọlé, ńṣe ni à ń dọ̀bálẹ̀ fún un; báwo wá ni Ọba ọ̀run ṣe di ẹni tí à ń gbà lórí ìdúró? Nínú ìsọ̀, ó ṣàkíyèsí pé bàtà tí orí rẹ̀ bó kò wá mọ́.

"Gìgísẹ̀ nìkan ni wọ́n ń jẹ báyìí," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Ìran adúrógbọn-in."

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin. Òwú ni bàbá rẹ̀ ń pè é, nítorí láti kékeré ló ti ń bá a fi ìda pa òwú ìránbàtà. Láyé ìgbà yẹn, Fadá àgbà tó wà níbẹ̀ a máa gbé Ara Olúwa lọ bá àwọn aláìsàn nílé. Aránbàtà á ṣíwájú rẹ̀ pẹ̀lú agogo kékeré lọ́wọ́, Òwú á sì máa tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Òfin kan ni bàbá fi lélẹ̀ fún un: ẹni tó bá wà lọ́nà pẹ̀lú Olúwa kì í kí èèyàn, bí wọ́n bá pè é kì í dáhùn, kì í sì í bojú wẹ̀yìn, títí Olúwa yóò fi dé ibi tó ń lọ. Lọ́jọ́ kan, Òwú ṣubú lórí òkúta, orúnkún rẹ̀ là, ó sì fi igbe ta, ó ń pe bàbá rẹ̀. Aránbàtà gbọ́. Agogo kò dákẹ́, orí kò sì yí. Ìgbà tó ń padà bọ̀ ló tó gbé e pọ̀n, tó ń fi ẹ̀wù ara rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀, tó ń bẹ̀ ẹ́. Àpá yẹn kò kúrò lórúnkún rẹ̀.

Òwú dàgbà, ó di tíṣà, ó sì fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó ní Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí bàbá yíjú wo ọmọ rẹ̀, òun kò bá a ṣe. Kò sí ọjọ́ tí aránbàtà kì í ka Rósárì nítorí rẹ̀. Ọdún gorí ọdún. Nígbà tó ṣe, tíṣà ẹlẹgbẹ́ Òwú mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn akọrin tuntun ṣọ́ọ̀ṣì náà, àwọn onípàtẹ́wọ́ tó ń lo kíbọ́ọ̀dù. Ó kọrin, ó pàtẹ́wọ́, ẹkún gbọ̀n ọ́n, bó ṣe padà sí ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Inú ìyá rẹ̀ dùn gan-an. Bàbá náà dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó dúpẹ́ bí ẹni tí àgùntàn rẹ̀ sọnù, tí wọ́n dá a padà fún, tí wọ́n ti rẹ́ gbogbo irun rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àìsàn rọpárọsẹ̀ gba ẹsẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́ bàbá. Aránbàtà di ẹni tí kò wọ bàtà. Wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí òpópónà, wọ́n gbé rédíò síbi orí rẹ̀. Òwú kó ẹrù rẹ̀ wá sílé. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń yí i padà kí egbò má bàa yọ lẹ́yìn rẹ̀, kí ó tó lọ síbi iṣẹ́.

Ìròyìn kò sì fún bàbá ní ìsinmi. Ogun níbí, ìlú tó ń jó lọ́hùn-ún. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ kan ń jiyàn lórí ohun tí bàbá rò pé wọ́n ti yanjú kí wọ́n tó bí òun. Wọ́n ní wọ́n ta ṣọ́ọ̀ṣì kan, ó di ilé ìtajà bẹ́ẹ̀dì. Bàbá yíjú sí rédíò, ó ní ibi tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ ni wọ́n ti wá ń dùbúlẹ̀ wo bẹ́ẹ̀dì báyìí.

"Akàròyìn kò gbọ́ yín o, Bàbá Òwú," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Bó bá tiẹ̀ gbọ́, owó oṣù rẹ̀ ló ń dúró dè."

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń dì í mú ni pé Fadá àgbà ṣì ń gbé Ara Olúwa wá bá a. Nígbà tí Fadá àgbà fẹ̀yìn tì, Fadá ọ̀dọ́ kan ló rọ́pò rẹ̀, kò sì wá. Ebi Ara Olúwa ń hàn lójú bàbá. Bó bá sùn, ẹnu rẹ̀ á máa là, ahọ́n á máa yọ, bí ẹni ń gba nǹkan.

Fadá tuntun wá nígbẹ̀yìn, lẹ́ẹ̀kan. Ojú rẹ̀ pọ́n fún àárẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ṣọ́ọ̀ṣì tí òun nìkan ń bójú tó ti pọ̀ ju agbára òun lọ, pé bíṣọ́ọ̀bù ti fọwọ́ sí i kí àwọn ọmọ ìjọ kan tí wọ́n kọ́ máa gbé Ara Olúwa lọ fún aláìsàn. Bàbá ní ọwọ́ Fadá tí wọ́n fi òróró yà sí mímọ́ ni òun ti ń gba Olúwa òun, òun á sì dúró de Fadá. Fadá mí kanlẹ̀, ó ní òun á gbìyànjú. Ohun tí etí bàbá fẹ́ ló gbọ́: ó gbọ́ pé Fadá ń bọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sọ fún un pé wọn yóò gbé Olúwa wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kò béèrè pé ta ni. Ó ní kí wọ́n fá irùngbọ̀n òun. Ó wọ ẹ̀wù funfun, kò fi omi kan ẹnu láti ìdájí. Ìyá ti lọ sí Mísà àárọ̀, ó ti gba tirẹ̀, ó sì yára padà wá tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó tan àbẹ́là. Bàbá ń gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń bọ̀, ó ń gbìyànjú láti gbé àyà rẹ̀ sókè.

Òwú ló wọlé.

"Fadá ńkọ́?" ni bàbá bi í.

Òwú kò dáhùn. Ó bọ́ àpò kékeré tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó yọ àpótí wúrà pẹlẹbẹ tí Ara Olúwa wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì, ó tẹríba fún un. Ìgbà náà ló tó yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Fadá kò ráyè wá, Bàbá. Èmi ni wọ́n rán."

"Rán ṣe kí ni?"

"Kí n gbé Olúwa wá fún yín."

Bàbá wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ń wo àbẹ́là. Ó yé e pé àwọn méjèèjì ti mọ̀.

Òwú bẹ̀ ẹ́. Ó ní nítorí rẹ̀ ni òun ṣe lọ kọ́ iṣẹ́ náà, nítorí òun ń wo ẹnu rẹ̀ lójú oorun. Ó ní òun mọ ohun tí bàbá gbà gbọ́, òun náà sì ti gbà á gbọ́. Bàbá kàn ń mi orí lórí ìrọ̀rí.

"Mi ò ní kí ẹ nawọ́," ni Òwú wí. "Orí ahọ́n ni mo máa fi í lé, bí ẹ ṣe fẹ́ gan-an."

"Ọwọ́ wo lo máa fi gbé e lé e?"

"Ọwọ́ mi yìí ni, Bàbá. Òun náà ló ń wẹ̀ yín. Ẹ ò tíì kọ̀ ọ́ rí."

"Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn," ni bàbá dáhùn. "Ọwọ́ tó nu ìdí mi láàárọ̀ yìí ni kó wá gbé Ọlọ́run mi?"

Ìyàwó aránbàtà ní òun fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ó ní kì í ṣe pé ọkọ òun kórìíra ọmọ rẹ̀; ìtìjú ara tirẹ̀ ló ń tì í, pé ìgbẹ́ rẹ̀ àti Ọlọ́run rẹ̀ yóò pàdé lọ́wọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò rí ọ̀nà mìíràn sọ ọ́, ọ̀rọ̀ sì ti jáde, kò ṣeé gbé mì.

"Mo ti gbọ́, Bàbá," ni Òwú wí.

Ó kẹ̀yìn sí i, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú tábìlì láti gbàdúrà kí ó tó gbé Olúwa padà. Láti ìgbà tí aránbàtà ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, láti ìbàdí sókè nìkan ló ti ń rí èèyàn. Báyìí ni ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wá bọ́ sórí bàtà ọmọ rẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀. Bàtà dúdú ni, gìgísẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tuntun. Orí rẹ̀ ló ti bó. Awọ ibẹ̀ ti funfun, ó ti ṣẹ́ po, ti ẹsẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ ní àpá sì bó ju èkejì lọ. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, kì í sì í ṣe ti ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ lásán. Ọdún mélòó ló ti ń wá irú bàtà yìí nínú ìsọ̀ rẹ̀, abẹ́ òrùlé rẹ̀ ló wà.

Òwú dìde. Ó dá àpótí náà padà sínú àpò, ó gbé e kọ́rùn, ó fi ọwọ́ bò ó mọ́ àyà, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà.

"Òwú," ni bàbá pè é.

Kò dúró.

"Òwú. Wá gbé e fún mi."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń dún lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá rẹ̀ dìde láti sáré bá a, ṣùgbọ́n bàbá na ọwọ́, ó di aṣọ rẹ̀ mú.

"Fi í sílẹ̀," ó ní. "Olúwa ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ gbé orí òun sókè kí òun lè wo òpópónà. Ó rò pé Òwú yóò padà dé lọ́sàn-án, pé òun á bẹ̀ ẹ́, pé Sọ́ńdè mìíràn ń bọ̀. Kò mọ̀ pé kí Òwú tó padà dé lọ́jọ́ náà, àìsàn yóò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe gba ẹsẹ̀, kò ní lè sọ̀rọ̀, kò ní lè gbé ohunkóhun mì mọ́ títí wọn yóò fi gbé e lọ sin.

Òwú ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Aládùúgbò kan kí i, kò dáhùn. Bàbá kọjú sí fèrèsé, ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn rẹ̀ kò sì kéré. Ní ìkángun òpópónà, níbi tó ti máa ń juwọ́ sí bàbá láràárọ̀ bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, Òwú fi ọwọ́ kejì náà bo àyà rẹ̀, ó yà, kò bojú wẹ̀yìn.