Ó Tó Lẹ́nu Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò mọ bí wọ́n ṣe ń yin ọmọ. Bí ọmọ bá jó tí gbogbo ìyá tó jókòó sẹ́yìn yàrá ń pàtẹ́wọ́, òun á kàn tún orúnkún ọmọ náà gbé sáyè ẹ̀, á ní kó tún un jó. Ijó báléètì ló ń kọ́ wọn, lókè ilé kan tí wọ́n ti ń tẹ̀wé nísàlẹ̀. Èmi àbúrò ẹ̀ ni mo ń tẹ dùùrù. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, èmi náà á máa fọwọ́ gbá dùùrù kíkankíkan kí orin lè bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á ní ẹ̀rọ ni mò ń bá jà. Kò parọ́, torí n kì í fẹ́ kí nǹkan borí mi.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ ibẹ̀ ń retí lẹ́nu ẹ̀. Bàtà rírọ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Bàtà líle ló ń bọ̀ lẹ́yìn, èyí tí imú ẹ̀ le bí pákó, tí oníjó fi ń dìde dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Kí ọmọ tó lè wọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi á ní kó di ọ̀pá ara ògiri mú, kó fi ẹsẹ̀ kan dìde, kó rọra sọ̀kalẹ̀, kó tún dìde. Òun á jókòó sórí àpótí kékeré, ojú ẹ̀ ò ní kúrò ní ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ náà. Bí ọrùn ẹsẹ̀ bá yẹ̀ síta, tàbí ìbàdí ń mì, á ní, "Ó kù." Bí gbogbo ẹ̀ bá dúró bó ṣe yẹ, á ní, "Ó tó." Ó parí nìyẹn. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Màmá Ó-tó, wọ́n rò pé kò mọ̀.

Àwọn ìyá ni kì í gbà. Èyí á ní ọmọ òun ti ga ju òun lọ, tọ̀hún á ní ẹgbẹ́ ọmọ òun níbòmíì ti ń wọ bàtà líle. Ọ̀kan tiẹ̀ sọ pé ọmọ tó bá ṣípá nìyá ẹ̀ ń gbé, tòun sì ti ṣípá títí apá ti ń ro ó. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó lọ bá egungun ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀ sọ ọ́, bóyá ìyẹn á gbọ́. Ó ní ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òun ò sì ní torí ìkánjú ìyá sọ ọmọ ọlọ́mọ di arọ.

Ọmọbìnrin kan wà tí mo ń pè ní Ológìnní, torí bó bá fò tó balẹ̀, n kì í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹ̀. Télọ̀ ni ìyá ẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì nìyẹn. Kò sóhun tí ọmọ yìí fẹ́ láyé ju kó wọ bàtà líle lọ. Ó ti gbọ́ "Ó kù" títí etí ẹ̀ ti di, àmọ́ kò bú ẹkún rí. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi wo ẹsẹ̀ ẹ̀ títí, ó ní, "Ó ku díẹ̀." Kò fi "díẹ̀" kún un fẹ́nì kankan rí. Ńṣe ni Ológìnní rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín sí bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ṣubú nílé ìdáná. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wá kó gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ lọ, ó ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Dókítà ní irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, pé ọ̀rọ̀ tó bá ti mọ́ èèyàn lẹ́nu jù lè ṣẹ́ kù. Mo bu tíì fún un, ó ní, "Ó tó." Mo gbé e kúrò, ó nawọ́ òsì, ó ń bínú, àṣé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Mo ṣí fèrèsé, ó ní ó tó. Ẹ̀yìn ń ro ó, ó ní ó tó. Ó fẹ́ pe orúkọ mi, ó wo ojú mi, omi lé ròrò lójú ẹ̀, ó ní ó tó. Obìnrin tó máa ń tún ọ̀rọ̀ ṣe lẹ́nu mi láti kékeré. Mo bínú sí Ọlọ́run, mo sì sọ fún un.

Nígbà tó ti ọsíbítù dé ilé, télọ̀ àti ọmọ ẹ̀ wá kí i. Mo sọ fún télọ̀ lẹ́nu ọ̀nà pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi. Kò bi mí pé èwo ni. Ológìnní ti wọlé ní tiẹ̀, ó ti bọ́ bàtà ìta, ó ti wọ bàtà rírọ̀. Ó di ẹ̀yìn àga mú, ó fi ẹsẹ̀ kan dìde, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún dìde, kò mì rárá. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò ó.

"Ó tó," ló wí.

Kí n tó la ẹnu, télọ̀ ti ń sunkún ayọ̀, ó ti dì mọ́ ọmọ ẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un, mo tún un ṣàlàyé. Ó ní kí n jọ̀ọ́, òun fi etí ara òun gbọ́ ọ. Èmi wá fa aṣọ bo ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi kí òtútù má mú un, ó wo aṣọ náà, ó ní ó tó. Mo rí i tí Ológìnní yíjú padà.

Télọ̀ ra bàtà líle, ó fọwọ́ ara ẹ̀ rán rìbọ́nì sí i. Ọmọ náà ò wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, òun nìkan dá wá, tòun ti aṣọ iléèwé lọ́rùn. Ó di ẹ̀yìn àga mú bíi tọjọ́ sí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ká orúnkún kò, ó jẹ́ kí ọrùn ẹsẹ̀ yẹ̀ síta pátápátá, ìdí ẹ̀ yọ sẹ́yìn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Láyé àtijọ́, gìgísẹ̀ ẹ̀ ò tíì ní kúrò nílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi á ti figbe ta. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìlàjì ẹnu tó ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín sí i.

"Ó tó."

Ọmọ náà sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Mà," ó bá a tún ìrọ̀rí ṣe, ó jáde. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá Onídùùrù, ṣé bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ nìyẹn?"

Irọ́ ì bá rọrùn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ì bá wọ bàtà ẹ̀, inú ìyá ẹ̀ ì bá dùn. Àmọ́ egungun ẹsẹ̀ ẹ̀ ni ì bá jìyà ẹ̀.

"Rárá, ọmọ mi."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé èmi ni?"

"Wọ́n mọ̀ ẹ́. Inú wọn dùn pé o wá. Ẹsẹ̀ ẹ ni wọn ò rí mọ́."

Ìgbà yẹn ló tó sunkún. Ó ní díẹ̀ ló kù, díẹ̀ yẹn, ta ló máa wá sọ fún òun pé ó ti pé? Mo ní dùùrù ni mo mọ̀, n ò mọ ẹsẹ̀.

Ìyá ẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ mìíràn. Ìyẹn bi í ní nọ́ńbà bàtà tó ń wọ̀, ó ní kó wọ bàtà líle kó máa bọ̀, kò wo ẹsẹ̀ ẹ̀ rárá. Ológìnní ò padà lọ síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀ tí iléèwé bá jáde. Á wọ bàtà rírọ̀, á di ẹ̀yìn àga mú, á dìde, á sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ó tó." Òun á ní, "Ó ku díẹ̀, Mà," á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, télọ̀ ní kí ọmọ ẹ̀ jọ̀ọ́, kó tiẹ̀ ti ẹsẹ̀ bọ bàtà líle tí òun rà yẹn lórí ìjókòó, kí òun lè rí i lẹ́sẹ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó tì í, kò wọlé. Ẹsẹ̀ ti dàgbà jù ú lọ. Télọ̀ mú sísọ́ọ̀sì kékeré jáde nínú àpò, ó tú rìbọ́nì tó rán sí i, ó ká a sápò, wọ́n sì lọ.