Irùngbọ̀n Inú Ife

Láti ìgbà tí ọmọ mi Mikíónì, amọ̀kòkò, ti sáré jáde kúrò ní yàrá tí àwọn ọkùnrin ti ń mutí, ìdí mi ò gbé ìjókòó mọ́. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde, bí adìẹ tó fẹ́ yé tí kò ríbi yé sí.

"Màmá, mo gbé! Ife tí mo gbé fún Hégíásì, òun gan-an ni mo yà sínú ẹ̀!"

Hégíásì ni bàbá ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Glíkérà, ọmọ ọmọ mi. Ìrọ̀lẹ́ yìí ni òun àti Mikíónì fẹ́ bọra lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Bó bá fi ìbínú dìde, kò síyàwó mọ́ nìyẹn.

"Kí lo yà?"

"Arúgbó apárí onírùngbọ̀n tó ń bì. Lọ́dún tó kọjá tó ní ìkòkò wa ń jò ni. Mi ò mọ̀ pé a ó di àna!"

"Orí ẹ dàrú! Padà sọ́dọ̀ àlejò ẹ!"

Kò sí amọ̀kòkò tí kì í ya yẹ̀yẹ́ sí ìsàlẹ̀ ife ní Átẹ́nì, kí ẹni tó bá mu ún tán lè bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wáìnì ò bá tán, ta ni yóò rí i? Mo fa Sínópè, afunfèrè tí a háyà, mọ́ra.

"Ọmọ mi, gbé fèrè sílẹ̀. Máa bu wáìnì sí ife bàbá apárí yẹn. Má jẹ́ kó gbẹ."

"Ìyá àgbà, ṣé ẹ fẹ́ kó tọ̀ sára ni?"

"Kó tọ̀! Ṣé orí ibùsùn tèmi ni?"

Sínópè bù, ó tún bù. Mo lẹ etí mọ́ ilẹ̀kùn. Ìtọ̀ ń gbọ̀n èmi alára, mo pa itan pọ̀, mi ò jẹ́ kúrò níbẹ̀. Àfi bí àlejò olóríburúkú kan ṣe pariwo pé, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká ta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀!"

Ẹ gbà mí! Kéèyàn tó lè ju gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ife rẹ̀ lu àwo idẹ orí ọ̀pá, ó gbọ́dọ̀ mu wáìnì orí rẹ̀ tán. Mo gbọ́ bí ọ̀fun Hégíásì ṣe ń dún. Idẹ dún. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ohùn Hégíásì.

"Ta lèyí?"

Obìnrin ilé kì í wọ yàrá yẹn bí ọkùnrin bá ń mutí níbẹ̀. Ìyá mi ò wọ̀ ọ́ rí, èmi náà ò wọ̀ ọ́ rí. Mo fi ìdí ti ilẹ̀kùn, mo wọlé.

"Èmi ni, àna mi! Ọtí ọdún òrìṣà Dionísù ló pa mí, ibi tí mo ti ń bì ni ọmọ burúkú yìí ti yà mí."

Hégíásì wo ife, ó wò mí. "Apárí ńkọ́?"

Mo ṣí ìborí mi. "Ẹ fojú ara yín rí i."

"Irùngbọ̀n wá ńkọ́, Ìyá?"

Mo na àgbọ̀n síbi àtùpà. "Ẹ súnmọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fà á wò."

Hégíásì bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí wáìnì gba imú rẹ̀ jáde. Ó na ọwọ́ sí Mikíónì. Wọ́n ní wọ́n bọra lọ́wọ́ dáadáa. Èmi ò dúró wò ó o. Ìtọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà.