Arère Tí Felix Bó

Felix fẹ́ pa mí ni. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín, bóyá inú mi á rọ̀ díẹ̀.

Ìjọba ní àwọn á máa fún àgbẹ̀ kòkó lówó lọ́dọọdún, tí ó bá ti lè dá igi ńlá sí lóko, kí igbó má baà tán. Tí wọ́n bá bá igi kan ní kíkú, ó parí nìyẹn. Oko wa lẹ́bàá Atosin ní igi arère ńláńlá tí bàbá mi bá níbẹ̀. Owó yẹn ni mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Nǹkan funfun ti bò ó. Ti ọ̀tún ò ríran mọ́, ti òsì ń rí òjìji èèyàn lásán. Dókítà Àkúrẹ́ ní tí mo bá tún fi falẹ̀, ó lè bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Felix ló ń bá mi ṣe oko náà, a jọ ń pín kòkó ni. Ọmọ Ìlá ni, òṣìṣẹ́ gidi, a kì í purọ́ mọ́ èèyàn. Àárọ̀ ọjọ́ tí ìjọba máa wá wo igi ni mo fọwọ́ ba arère kan. Ọwọ́ mi kan ibi tí kò sí èèpo. Mo tọ̀ ọ́ yíká. Wọ́n ti bó o bí ẹni bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí àwọn olóko kòkó ṣe máa ń pa igi nìyẹn, kó lè kú lórí ìdúró, kó má wó lu kòkó.

"Felix, kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

"Màmá, ẹ má bínú. Kòkó abẹ́ ẹ̀ ló jẹrà tán lójò tó kọjá, ibòòji ti pọ̀ jù. Ẹ ní ká má gé e lulẹ̀, mi ò sì gé e. Ewé ṣì wà lórí ẹ̀."

"Orí ẹ ò pé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mo ní kó po amọ̀, kó fi rẹ́ ẹ. Mo wọ́n omi àdúrà sí i, mo sì bẹ Ọlọ́run kó di ojú wọn. Kò pẹ́ ni mo gbọ́ ọ̀kadà.

Tolúwalàṣẹ lorúkọ ọmọbìnrin tí wọ́n rán wá. Ó ń ti ìdí igi kan bọ́ sí òmíràn. Ó wá dúró. Mo gbọ́ tí amọ̀ ń já bọ́ sórí ewé gbígbẹ.

"Màmá, ta ló bó igi yìí?"

Mo yíjú síbi tí Felix wà.

"Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ yín ló dá a ṣe, kò kàn yín. Ẹ sáà lé e kúrò lóko lónìí, owó yín á wọlé."

Ẹnu mi ti là láti dárúkọ Felix. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́, ẹnu tiyín náà ìbá là. Àfi bí ọmọ tuntun tí ìyàwó Felix bí ṣe figbe ta nínú ahéré. Inú bí mi sí ọmọ náà gan-an. Ibo ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ nígbà òjò yìí?

"Èmi ni mo ní kó bó o," mo wí.

"Màmá, ẹ mọ̀ pé owó yẹn ti lọ nìyẹn?"

"Ṣé mo sọ fún ẹ pé mi ò mọ̀ ni?"

Nígbà tí ọ̀kadà rẹ̀ lọ tán, mo gbọ́ tí Felix dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tó ń sunkún.

"Dìde, jàre," mo ní. "Wá fà mí lọ́wọ́ délé. Mi ò rí ọ̀nà."