Fakéṣàn Tó Gba Iwájú Màmá Ìsẹ̀ Kọjá

Solomon ọkọ mi ló ní ká lọ ṣe sọ́mà, fakéṣàn ìgbà ooru. Inú oṣù kẹjọ la wà o, tí òjò ń rọ̀ láràárọ̀, tí aṣọ tí mo fọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ò tíì gbẹ. Ṣùgbọ́n ìdílé Bàbá Ọlámidé, aládùúgbò wa, ti lọ sí Dubai, wọ́n sì ń gbé fọ́tò wọn sórí Wásáàpù láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, bí ẹni ń lo oògùn. Solomon á wo fọ́tò náà, á mí kanlẹ̀, á tún wò ó. Nígbà tó yá, ó kéde pé àwọn ọmọ tòun náà gbọ́dọ̀ rí ayé kí ilé ìwé tó wọlé.

Ayé tí a fẹ́ rí, ẹ̀yìn Èmùré ló wà. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní káńsù ló fi ọgbà ìgbafẹ́ kan hàn án lórí fóònù: omi ìlúwẹ̀ẹ́, ọ̀kín, kìnnìún. Gift, ọmọ wa obìnrin, béèrè bóyá kìnnìún náà máa ń bú. Bàbá rẹ̀ ní ṣé ó ti gbọ́ kìnnìún tí kì í bú rí ni? Láti ọjọ́ náà ni Victor àbúrò rẹ̀ ti ń bú kiri ilé, tí kò jẹ́ ká sinmi.

Òfin kan ṣoṣo ni Solomon ṣe: a ò ní yà sílé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Èmùré á mọ̀ pé Ìsẹ̀ ló wà láàárín, ilé Màmá Ìsẹ̀ sì wà létí títì gan-an. Àbúrò ìyá Solomon ni Màmá yìí. Nígbà tí ìyá Solomon kú, tí òun fúnra rẹ̀ ò ju ọmọ ọwọ́ lọ, Màmá ló gbà á tọ́, tó fi owó iṣu àti kòkó rán an níwèé. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá yà lọ́dọ̀ rẹ̀, á gún iyán. Bó bá gún iyán, á ní kẹ́ ẹ sinmi kó dà. Kó tó dà, ilẹ̀ ti ṣú. Solomon ní òun ò lè sọ fún Bàbá Ọlámidé pé Ìsẹ̀ lòun ti lọ ṣe fakéṣàn.

Òfin náà ì bá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ ni ọkọ mi. Ó fẹ́ yọ́ kẹ́lẹ́ lọ, àmọ́ ta ló máa gbé ọkọ̀ sọ́nà láìjẹ́ pé ìjọ gbàdúrà sí i? Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó fi orúkọ wa sílẹ̀ fún àdúrà ìrìn àjò. Olùṣọ́àgùntàn pe àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síwájú, ó ní kí ìjọ na ọwọ́ sí ìdílé tó ń lọ sọ́mà. Kí Ọlọ́run má bàa ṣi ọ̀nà, ó wá ṣe àlàyé ìrìn àjò náà fún Un: láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀, láti Ìsẹ̀ dé Èmùré, lọ́jọ́ Sátidé, láàárọ̀. Ìjọ ṣe àmín tó mi páànù òrùlé. Mercy, tó ń ta ọṣẹ lọ́jà, ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ọmọ Ìsẹ̀ ni Mercy, ilé wọn sì kọjú sí ti Màmá.

Kó tó di ọjọ́ mélòó kan, Mercy ti mú èsì wá fún mi. Màmá ti gbọ́, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní ojú òun ń lọ. Tí oòrùn bá wà, òun ṣì ń rí ojú èèyàn, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti wọ̀, òjìji lásán lòun ń rí, dókítà sì ti sọ pé ìyókù náà ò ní pẹ́ lọ. Gbogbo ẹni tó bá rí Gift ló ń sọ pé ó jọ ìyá Solomon tó ti kú. Òun ò sì tíì fojú kan ọmọ náà láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Òun fẹ́ fi ìyókù ojú òun wò ó.

Mo sọ ọ́ fún Solomon bí mo ṣe gbọ́ ọ. Mo rí i pé ó dùn ún. Lẹ́yìn náà ló ní, "Tí a bá ń bọ̀, a ó yà."

Mo ní ta ló mọ ìgbà tí a máa bọ̀. Ó ní kí n má fi ẹnu mi ba fakéṣàn jẹ́.

A gbéra lọ́jọ́ Sátidé. Sàlẹ́ńsà tó ń pa ariwo ọkọ̀ wa mọ́ ti já tipẹ́. Bí Solomon bá ṣíná fún un l'Ódò-Ọjà, àdúgbò wa, gbogbo Ìkẹ́rẹ́ ló mọ̀ pé ó ti jáde. Òjò ń kán, síbẹ̀ ọkọ mi wọ awò dúdú, nítorí ó ti rí i lójú Bàbá Ọlámidé nínú fọ́tò. Nígbà tí a wọ Ìsẹ̀, ó ní ká gbé gbogbo gíláàsì sókè, kí àwọn ọmọ sùn sílẹ̀, pé eré ni. Victor bú bí kìnnìún lábẹ́ àga. Èmi náà ba mọ́lẹ̀. Èmi tíṣà, tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwà rere, mo ki gèlè bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Solomon nìkan ló jókòó dáadáa, nítorí ẹnì kan gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀, ó sì gbà pé awò ti sọ òun di ẹlòmíràn.

Mo yọjú díẹ̀. Màmá jókòó sórí àga létí títì, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó di agbòjò mú. Bí ọkọ̀ kan bá ti ń bọ̀, á gbé ọwọ́ sókè sí i. Ó gbé e sókè sí wa náà. A kọjá, tàwa ti ariwo wa.

"Ta ni màmá tó ń juwọ́ sí wa yẹn?" Gift béèrè. Ó ti gbórí sókè, ó ń wò ó láti gíláàsì ẹ̀yìn. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mi ò sọ pé kí Solomon dúró.

A dé ọgbà náà. Ọ̀kín inú fóònù ti di tòlótòló. Omi ìlúwẹ̀ẹ́ ti di àwọ̀ ewé, ọ̀pọ̀lọ́ sì ti ṣe sọ́mà tiwọn níbẹ̀ kí a tó dé. Kìnnìún wà lóòótọ́, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi mọ ọ́, wọ́n fi ọ̀dà kùn ún, etí rẹ̀ kan ti kán. Gift dúró níwájú rẹ̀ pẹ́, ó ń retí kó bú. Nígbà tí ọkùnrin tó ń gba owó ẹnu ọ̀nà sọ fún un pé kò lè bú, Victor ló bú sẹ́kún.

Solomon ò jẹ́ ká lọ. Ó ní òjò ò gbọdọ̀ hàn nínú fọ́tò sọ́mà. A jókòó sábẹ́ ahéré títí oòrùn fi yọ díẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó sì ní ká dúró, ká rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ooru ń mú. Ó yà wá, ó tún wa yà. Ó gbé e sórí Wásáàpù pé a wà níbì kan tó jìnnà, kò dárúkọ ibẹ̀. Àtàǹpàkò kan ṣoṣo ni Bàbá Ọlámidé fi dá a lóhùn.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a padà dé Ìsẹ̀. Màmá ṣì jókòó síbi tí a ti fi í sílẹ̀. A ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tó ti sọ̀rọ̀.

"Solomon, mo gbọ́ ọkọ̀ rẹ láàárọ̀," ó ní. "Sàlẹ́ńsà rẹ ni mo gbọ́. Mo juwọ́ sí yín."

Solomon dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, awò dúdú jábọ́ lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, Màmá ò sì bá a wí. Ọmọ ló ń béèrè.

"Gbé e wá. Ulẹ̀ ti ṣú, mi ò ní rí i mọ́."

Gift kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì wá iwájú orí rẹ̀, ó wá imú rẹ̀, ó wá etí rẹ̀. Iná ò sí. Solomon sáré mú fóònù wá, ó ṣí fọ́tò ọjọ́ náà, ó ní nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ Màmá á rí Gift dáadáa. Màmá gbé e sún mọ́ imú.

"Ajá ta rèé?"

Solomon ní kìnnìún ni. Màmá tún wò ó, ó ní ebi ń pa kìnnìún náà. Ó wá béèrè ibi tí ọmọ wà. Nínú gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà, kìnnìún ló gba iwájú, nítorí bàbá wọn fẹ́ kó hàn látorí dé ìrù. Ojú ọmọ mi ò tóbi ju ẹ̀pà lọ. Màmá dá fóònù padà. Mo rí i tí ọkọ mi yíjú sí ògiri, inú mi tó ti ń bí láti àárọ̀ sì rọ̀ sí i.

"Màmá, a ò lọ mọ́," ó ní. "Ulé yín la ó sùn."

Iyán tí wọ́n gún láàárọ̀ ti dì. Àgbà ló sọ pé iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Solomon jẹ tirẹ̀ láì gbójú sókè.

Oòrùn yọ lọ́jọ́ kejì, oòrùn gidi tí a ti ń wá kiri. Màmá ní kí Gift wá jókòó síwájú òun ní gbangba. Ó di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó yí ojú rẹ̀ síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Solomon fa fóònù yọ, ó rọra sún mọ́ wọn láti yà wọ́n, òjìji rẹ̀ sì bọ́ sójú ọmọ náà.

"Solomon, kúrò níbẹ̀," Màmá wí. "O dí mi lójú."

Ó kúrò. Màmá wo ọmọ náà títí. Victor pàápàá ò bú mọ́.

"Wọ́n purọ́ fún mi," ó ní nígbà tó yá. "Kò jọ ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ló jọ."

Kò sì tíì fi àgbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀.