Ìyá Tó Ń Wo Ìkànnì Méjì

"Wọ́n ní amí ni mí," Màmá Ṣèyífúnmi wí, ó sì na fóònù rẹ̀ sí Hafeezat. "Bá mi wò ó dáadáa, bóyá ojú mi ni kò ríran."

Hafeezat, tó ń ta káàdì àti dátà ní òdìkejì ilé Màmá ní Òmù-Àrán, gba fóònù náà. Ojú Màmá ríran. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Ọmọ Sheriff Tòótọ́ ló kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé, "Ìyá yìí, amí ni yín. A rí yín lọ́dọ̀ Ignatius láàárọ̀." Èèyàn mẹ́tàdínlógójì ló ti gbè é lẹ́yìn.

Kí wá ni Màmá ṣe? Kò ṣe ju pé ó kí èèyàn lọ. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọdún mọ́kànlélógún ló fi kọ́ ọmọ ní Òkè-Onígbìn, bí èèyàn bá sì kí i, ó gbọ́dọ̀ dáhùn. Bí Sheriff bá ti yọjú lórí ìkànnì ìròyìn géèmù rẹ̀, Géèmù Gbóná, tó ní "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi," Màmá á kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "O ṣeun, ọmọ mi. Olúwa á máa ṣọ́ ọ." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń kọ sí Ignatius lórí Wádìí Géèmù. Àṣé ìjà ńlá ló wà láàárín àwọn tó ń wo ti ibí àti àwọn tó ń wo tọ̀hún, òun ò mọ̀.

Ẹ má bi mí pé kí ni obìnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ń wá nídìí ìròyìn géèmù. Àràmídé ni. Kánádà ni Ṣèyífúnmi ń gbé, Àràmídé ọmọ rẹ̀ sì ti di ọmọ ọdún méjìlá báyìí. Tí wọ́n bá pè lọ́jọ́ Ìsinmi, ọmọ náà á ní òun wà dáadáa, á sì gbé fóònù fún bàbá rẹ̀. Àfi ọjọ́ tí Màmá ṣèèṣì béèrè nípa Ìlú Abẹ́ Omi, géèmù kan tí wọ́n ti ń kọ́lé sí ìsàlẹ̀ òkun. Ogún ìṣẹ́jú gbáko lọmọ náà fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Inú Màmá dùn débi pé ó sunkún, látọjọ́ náà ló sì ti ń wá ìròyìn géèmù yẹn kiri.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló kó sí wàhálà. Sheriff ní wọ́n ti fi ẹja ńlá téèyàn lè gùn kún géèmù náà, Màmá sì sọ ọ́ fún ọmọ bó ṣe gbọ́ ọ. Àràmídé ní irọ́ ni, pé Màmá kàn ń sọ ohun tí kò mọ̀, ló bá gbé fóònù fún bàbá rẹ̀. Ó dun Màmá wọra.

Sheriff tún ti dé báyìí o, ó ní apá kejì géèmù náà ń jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Ignatius ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀la sì ni wọ́n máa pè.

"Sheriff ni kẹ́ ẹ dì mú, Màmá," Hafeezat wí. Ó ní ọ̀kẹ́ méjì èèyàn ló ń wo Sheriff, pé gbogbo wọn ò lè ya wèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá ní nígbà tòun ń ṣe tísà, kíláàsì tó kún jù ló ń pariwo jù. Ó ní Ignatius tiẹ̀ tọrọ àforíjì nígbà kan tó ṣì í sọ. Hafeezat ní ó dáa, a jẹ́ pé Ignatius náà máa ń ṣì í sọ nìyẹn. Orí Màmá wá dàrú sí i.

Ó pinnu láti bi àwọn olùwòran fúnra wọn. Ó kọ ọ́ sí ìkànnì méjèèjì pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ọjọ́ wo gan-an ni?" Àwọn ti Sheriff ní kó lọ bi Ignatius rẹ̀. Àwọn ti Ignatius kọ àlàyé gígùn kan ránṣẹ́ sí i, kò sì sí ọjọ́ kankan nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti pinnu nínú ṣọ́ọ̀ṣì pé ọjọ́ Ẹtì lòun máa sọ, nígbà tó máa fi délé, ó ti yí i padà sí ọdún tó ń bọ̀. Kò lè jẹun. Ní aago mẹ́rin, ìpè wọlé.

Àràmídé ní òun wà dáadáa. Ohùn rẹ̀ tutù, Màmá sì mọ̀ pé kò ní pẹ́ gbé fóònù fún bàbá rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ sú u.

"Àràmídé, n ò mọ ọjọ́ tí apá kejì ń jáde o," ó wí. "Ẹnì kan ní ọjọ́ Ẹtì, ẹnì kan ní ọdún tó ń bọ̀. Mo béèrè níbi méjèèjì, wọ́n ní amí ni mí."

Ọmọ náà ò gbé fóònù fún bàbá rẹ̀.

"Wọ́n ní kí lẹ jẹ́?"

Màmá ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ amí fún un. Ó sọ bóun ṣe ń kí wọn, bóun ṣe ń ṣàdúrà fún wọn lọ́tùn-ún lósì. Àràmídé bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó dákẹ́, ó ní wọ́n ti bú òun náà lórí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ rí, pé òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Màmá fa àga, ó jókòó. "Kí ni wọ́n sọ sí ọ, ọmọ mi?"

Ohùn Ṣèyífúnmi dún lẹ́yìn, ó ní kí wọ́n gbé fóònù wá.

"Ẹ dúró ná, Dádì," Àràmídé wí. "Mò ń bá Màmá sọ̀rọ̀."